Apá Ọ̀tún La Ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Agbo-ilé Sàlàkọ́, Ìwó
Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹwàá, 2024

Dádì mi,

Àsàlámù àlékùn. Ẹ kú òtútù, ẹ kú iṣẹ́ tísà ní ìlú àwọn tí kì í kí ara wọn láàárọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí yín, bí ẹ ò tiẹ̀ rí mi. Ìyá Olúpọ̀nnà, ìyá àgbà wa, kí yín. Nusirat náà kí yín, ó ní kẹ́ ẹ ra bàtà tó ń tanná fún òun. Ọmọ ọdún mẹ́fà, kò mọ̀ ju bàtà lọ.

Ẹ ní kí n máa kọ ọ̀rọ̀ mi sínú ìwé, kí n fi fóònù Ìyá ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́, torí ẹ fẹ́ máa rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi. Ẹ wò ó, bó ṣe rí nìyí. Bó ṣe rí nígbà tẹ́ ẹ lé mi sẹ́yìn kíláàsì náà ni.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ lórí fóònù ní Sátidé ṣì há mi lọ́fun. Ẹ ní ẹnì kan péré lowó yín máa ká láti mú wá sí Bradford nínú àwa méjèèjì, àti pé ẹni tó bá fi hàn pé òun lè jókòó kàwé lẹ máa mú. Dádì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Nusirat ṣì kéré, ó lè dúró di ọdún mẹ́wàá sí i. Èmi, ọjọ́ kejì oṣù kẹta tó ń bọ̀ ni màá pé ọdún méjìdínlógún, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì sọ pé tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ò bá tíì gba ìwé mi wọlé kó tó dọjọ́ yẹn, wọn ò ní í kà mí mọ́ ọmọ yín mọ́. Kò sí ẹlẹ́ẹ̀kejì fún mi. Kí wá ni ìdánwò fún? Láti ìgbà tí Màámi ti kú ni mo ti ń fọ aṣọ ọmọ yìí, kò ju ọmọ ọdún méjì lọ nígbà náà. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ lọ, mo kúrò ní kíláàsì kẹrin sẹ́kọ́ńdìrì kí ẹnì kan lè máa gbé e lọ, gbé e bọ̀. Ṣé ìyẹn ò tó ìdánwò ni?

Ẹ tètè dá mi lóhùn.

Ọmọ yín,
Mujeebah


Bradford
Ogúnjọ́, oṣù kẹwàá, 2024

Mujeebah,

Wà-aléékún sàlámù. Lẹ́tà ẹ dé. Àṣìṣe mọ́kànlá ló wà nínú ẹ̀. Mo fi yíńkì pupa sàmì sí wọn, fọ́tò ẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn èyí.

Má fi ikú ìyá ẹ bẹ̀ mí. Kì í ṣe ìwọ nìkan ló kú fún. O ò sì kúrò nílé-ìwé nítorí Nusirat. O kúrò torí pé ẹ̀ẹ̀mẹta lo gba òdo nínú ìṣirò, èmi bàbá ẹ ni mo sì ń pín ìwé náà níwájú gbogbo kíláàsì. Ojú tèmi ló tì.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Kọ́ Nusirat ní ìwé kíkà títí di àárín oṣù kejìlá. Màá pè yín lórí fídíò, màá gbé ìwé síwájú ẹ̀. Tó bá kà á, òun ló ń bọ̀. Tí kò bá lè kà á, ìwọ ni. O máa ní mo fi ewúrẹ́ ṣọ́ iṣu. Mo mọ̀. Mo fẹ́ mọ irú ẹni tí o jẹ́.

Ìwé nóòtù mi aláwọ̀ búlúù wà nísàlẹ̀ àpótí ìyá ẹ. Òun ni mo fi kọ́ saikọ́lọ́jì àwọn olùkọ́ nígbà tí mo ń gba ìwé-ẹ̀rí tísà. Kà á. Ohun tí olùkọ́ bá yìn, ọmọ á tún un ṣe. Ohun tó bá ń fa ìyà, ọmọ á sá fún un. Fún un níṣẹ́ tó fi díẹ̀ ju agbára ẹ̀ lọ, kó o di ọwọ́ ẹ̀ mú títí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ á fi ranlẹ̀, kó o tó tú u sílẹ̀. Má sì pe ọmọ ní olódo, torí orúkọ tí olùkọ́ bá sọ ọmọ lọmọ máa ń jẹ́. Títí dòní, ohun tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ wa létí níbí náà nìyẹn.

Kí Ìyá fún mi.

Bàbá ẹ,
Mikail


Ìwó
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù kọkànlá, 2024

Dádì mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí nóòtù náà. Eku ti jẹ etí ẹ̀, ṣùgbọ́n mo kà á láti páálí dé páálí. Ọwọ́ ìkọ̀wé yín dára gan-an nígbà yẹn, ó dà bí ọwọ́ ẹni tí inú ẹ̀ ń dùn.

Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Lójoojúmọ́ tí Nusirat bá ti kéú dé, a máa jókòó sórí pèpéle ẹ̀yìnkùlé. Ó ń gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ẹ má gbójú lé e jù, Dádì. Orí ẹ̀ le. Tí mo bá ní kó ka ‘ajá’, ẹkún ni. Ìyá ní bóyá èmi ló jọ.

Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Níbi tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ pé orúkọ tí olùkọ́ bá sọ ọmọ lọmọ máa ń jẹ́, ẹ fa ìlà mẹ́ta sábẹ́ ẹ̀. Ẹ ti fa ìlà yẹn kí wọ́n tó bí mi. Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi sọ mí ní Òdo níwájú ọmọ mọ́kànlélógójì? Títí dòní tí mo bá ń kọjá níbi táwọn oníkẹ̀kẹ́ ń dúró sí, àwọn tá a jọ wà ní kíláàsì ṣì ń pariwo lé mi lórí, “Òdo Tísà Mikail! Ṣé wàá wọkọ̀?”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fèsì sí ìyẹn.

Mujeebah


Ọjọ́ kan náà. Mi ò fi èyí ránṣẹ́.

Dádì,

Irọ́ ni mo pa fún yín lẹ́ẹ̀kan. Orí Nusirat ò le. Alfa Mùbárákù tó ń kọ́ wọn ní kéú ní nínú gbogbo ọmọ tó wà lọ́wọ́ òun, Nusirat nìkan ló ń ka wàláà bí ẹni ń mumi. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni ì bá fi mọ ìwé tẹ́ ẹ ní kí n kọ́ ọ. Ìyẹn ló já mi láyà. Mo wá mú nóòtù yín, mo ń ṣe gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ní òdìkejì.

Ṣebí ní kéú, apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìlà? Mo sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ilé-ìwé, apá ọ̀tún la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Àǹtí mi, tísà wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀.”

Mo ní, “Tísà yín, ọmọ mọ́kàndínláàádọ́rin ló ń kọ́, ó ń kánjú ni. Èmi àti ẹ̀, ta ló mọ̀ ọ́n jù?”

Ó ní, “Ẹ̀yin ni.”

Ó tán. Ọmọ tó bá fẹ́ràn èèyàn, kò sí ohun tí kò ní í gbà gbọ́.

Tó bá wá kà á bó ṣe yẹ, rúlà ni lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá kà á ní ìkàkukà, mo máa ń fún un ní bísikíìtì. Ẹ kọ nǹkan kan síbẹ̀ nípa òyìnbó tó máa ń lu agogo kó tó fún ajá lóúnjẹ, títí tó fi jẹ́ pé agogo lásán ti ń mú kí itọ́ máa dà lẹ́nu ajá. Èmi ò ní agogo. Mo máa ń kan rúlà mọ́ pèpéle lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó nà án. Lánàá mo kàn án lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò tiẹ̀ gbọ́wọ́ sókè, ọmọ náà tọ̀ sára.

Dádì, inú mi dùn. Mi ò purọ́. Fún bí ìṣẹ́jú kan inú mi dùn, torí látìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò sí nǹkan kan tí mo kà nínú ìwé tó ṣiṣẹ́ fún mi rí, àfi ìyẹn.

Lẹ́yìn náà mo wẹ̀ fún un. Ó gbé orí lé mi léjìká. Mo na ọmọ, èmi náà lọmọ ń sá tọ̀ wá.

Ibì kan tún wà tẹ́ ẹ ti kọ ọ́ pé tí ìyà bá ń jẹ ọmọ bó bá ṣe é dáadáa, tó tún ń jẹ ẹ́ bí kò bá ṣe é dáadáa, ó máa jókòó sójú kan ni, kò ní í gbìyànjú mọ́, bí wọ́n tiẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ wá kọ ‘Ẹ ṣọ́ra’ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Mo rí ‘Ẹ ṣọ́ra’ yẹn.


Bradford
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kejìlá, 2024

Mujeebah,

Fídíò ọjọ́ Sátidé ò tíì kúrò lójú mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi Yorùbá bẹ̀rẹ̀ kó lè rọ ọmọ náà lọ́rùn. Mo kọ ‘Fọlá lọ sí oko’ gàdàgbà síwájú ẹ̀. Ó na ìka sídìí ìlà, ó ní, “Oko sí lọ Fọlá.” Mo ní kó tún un kà. Ìka ẹ̀ tún padà síbẹ̀, “Oko sí lọ Fọlá.” Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé ibí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ ẹnu.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń kọ́ ọmọ. Tí mo bá rí olódo, mo mọ̀ ọ́n.

Ìwọ lò ń bọ̀ nìyẹn. Lọ ṣe pásípọ́ọ̀tù. Kí oṣù kejì tó pé, màá ti fi ìwé físà ẹ sílẹ̀ fún wọn.

Ní ti Nusirat, mi ò ní í máa fi agbọ̀n pọnmi. Kó fi ilé-ìwé sílẹ̀, kó lọ bá àbúrò Ìyá ní Ilé-Ogbó, kó máa bá a bó ẹ̀gẹ́. Gàrí ò ní kéèyàn wá kàwé.

O bi mí nípa Òdo. Mo pè ọ́ bẹ́ẹ̀ kó lè dùn ọ́, kó o lè múra. Ó dùn ọ́, o ò múra. Ẹ̀bi ta ni?

Mikail


Ìwó
Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kejìlá, 2024

Dádì mi,

Mi ò mọ bí màá ṣe kí yín lónìí. Ẹ kú iṣẹ́.

Àbúrò Ìyá, Màmá Ilé-Ogbó, gun ọ̀kadà wá lánàá láti wá mú Nusirat lọ sí Ilé-Ogbó. Nusirat ń kó aṣọ ẹ̀ sínú àpò, ó ká yunifọ́ọ̀mù ẹ̀ lé e lórí. Màmá Ilé-Ogbó yọ ọ́ jáde, ó ń rẹ́rìn-ín. “Kí lo fẹ́ fi èyí ṣe? Ṣé ẹ̀gẹ́ lo fẹ́ máa kí ní gúdú mọ́nìn?”

Missis Agnes, tísà Onítẹ̀bọmi tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa, na ọrùn lórí fẹ́ǹsì. Ó ní, “Ẹ má bínú o, Ìyá. Ẹ gbé ọmọ yìí lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ ọpọlọ ẹ̀ wò. Mo ní kó bá mi ka orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì wa lára pátákó lọ́jọ́sí, ẹ̀yìn ló ti ń kà á bọ̀!”

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó ní bóyá ìgbà tí ibà gbé ọmọ náà ni nǹkan ti yingin. Nusirat ò sunkún ní tiẹ̀. Ó fa aṣọ mi, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo gbìyànjú.”

Mo sáré wọlé. Lẹ́tà kan wà tí mo kọ sí yín ní oṣù kọkànlá tí mi ò fi ránṣẹ́. Fọ́tò ẹ̀ ló tẹ̀lé èyí. Tẹ́ ẹ bá kà á tán, ẹ ṣe mí bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ dá ọmọ náà padà sílé-ìwé. Mo bẹ Ìyá títí tó fi ní kí àbúrò òun ṣì máa lọ ná, kí a dúró de èsì yín. Mi ò sọ ìdí ẹ̀ fún un. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ̀.

Ṣé ẹ rí i, mo ṣì fẹ́ wá. Ojú ò tì mí láti kọ ọ́. Tí mo bá dúró síbí, Òdo ni màá máa jẹ́ títí màá fi kú, òun làwọn oníkẹ̀kẹ́ máa fi pè mí wọ sàréè. Ṣé kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè mú àwa méjèèjì? Màá máa sùn nílẹ̀. Màá máa fọ aṣọ yín.

Ẹ fèsì kó tó di ọjọ́ kejì oṣù kẹta, ẹ̀yin náà mọ ìdí.

Mujeebah


Ìwó
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kìíní, 2025

Dádì mi,

Àmì méjì tó wà lábẹ́ fọ́tò yẹn ti di búlúù láti ọjọ́ tí mo ti fi ránṣẹ́. Ẹ ti kà á. Ẹ pe Ìyá lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹ béèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, ẹ béèrè bí ọyẹ́ ṣe rí lóko Olúpọ̀nnà, ẹ pa fóònù. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ nígbà gbogbo. Mo ń gbọ́ yín.

Ẹ bú mi. Mo bẹ̀ yín, ẹ bú mi, kí n mọ ibi tí mo dúró sí.

Pásípọ́ọ̀tù mi ti jáde. Nínú fọ́tò ẹ̀, mo dà bí ẹni tó mọ̀wé.

Mujeebah


Ìwó
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì, 2025

Dádì,

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà.

Mujeebah


Bradford
Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹta, 2025

Mujeebah,

O pé ọdún méjìdínlógún lánàá. Mo kí ọ kú oríire.

Mo ka lẹ́tà ẹ lọ́jọ́ tó dé. Lọ́jọ́ kejì ni mo ti pinnu èsì yìí. Mo fi pamọ́, mo ń ka ọjọ́, bí ìwọ náà ṣe ń kà á.

O máa ti rí i nínú nóòtù mi pé ìyà tí kò bá tẹ̀lé ẹ̀ṣẹ̀ wàràwàrà kì í kọ́ ọmọ ní nǹkan kan. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ kọ́ ọ.

Nusirat nìkan ni mo fi ìwé ẹ̀ sílẹ̀. Ní ìparí oṣù keje, ẹnì kan tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn máa mú un wá bá mi. Dá a padà sílé-ìwé lọ́la. Wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò níbí kí wọ́n tó mọ kíláàsì tó máa wọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìwọ lo bà á jẹ́, ìwọ ni wàá tún un ṣe. Oṣù mẹ́rin ó lé díẹ̀ lo ní. Mú nóòtù náà, kó o ṣe é bí mo ṣe kọ ọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

Nínú gbogbo olùkọ́ tí a ti jọ ṣiṣẹ́, nílé àti lẹ́yìn odi, mi ò rí ẹni tó lóye ìwé yẹn tó ọ. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Mikail


Ìwó
Ogúnjọ́, oṣù keje, 2025

Dádì mi,

Ẹ kú ìmúra àlejò. Ìyá kí yín. Ó ní kẹ́ ẹ má jẹ́ kí òtútù pa ọmọ òun.

Iṣẹ́ tẹ́ ẹ fún mi ti parí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Oṣù kan gbáko ló gbà kó tó gbà fún mi. Ó ń bi mí pé, “Èwo ni òótọ́, Àǹtí mi, ti tẹ́lẹ̀ àbí tòní?” Mo ní tòní ni. Ó ní, “Ti ọ̀la ńkọ́?” Tó bá ka ọ̀rọ̀ kan bó ṣe yẹ, mo máa ń yìn ín, mo máa ń fún un ní bísikíìtì. Kò jẹ wọ́n. Mo rí gbogbo ẹ̀ nínú agolo mílíìkì kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, èèrà ti bò wọ́n. Ó ní òun ń tọ́jú wọn de ìgbà tí mo bá máa gbà wọ́n padà.

Ṣùgbọ́n ó mọ̀ ọ́n kà báyìí. Lánàá Missis Agnes mú ìwé gígùn kan wá, tó kún ojú ewé kan, Nusirat kà á láti òkè délẹ̀, kò ṣi ẹyọ kan. Missis Agnes pàtẹ́wọ́. “Ọmọ yìí! Ta ló sọ pé ọpọlọ ẹ ò pé?”

Ìyá ní, “Ẹ̀yin náà ni, Missis.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín àfi Nusirat. Ó yíjú sí mi, ó ń wò mí. “Àǹtí mi, ṣé mo gbà á?”

“O gbà á.”

“Gbogbo ẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀.”

Ìgbà yẹn ló tó mí kanlẹ̀.

Kì í ṣe ìwé nìkan mọ́, Dádì. Tó bá jẹun, á bi mí bóyá òun ti yó. Tó bá ṣe àlùwàlá, á bi mí bóyá ẹsẹ̀ òun ti tutù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ṣubú ní ẹnu ọ̀nà, orúnkún ẹ̀ bó, ẹ̀jẹ̀ ń dà, ó tẹjú mọ́ mi kí n sọ bóyá ó dun òun. Mo wá irú ẹ̀ nínú nóòtù yín, bóyá ẹ kọ bí wọ́n ṣe ń wò ó. Ẹ ò kọ ọ́.

A di ẹrù ẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ó jókòó lórí àpótí kí n lè ráyè tì í, ó ní, “Àǹtí mi, tí mo bá débẹ̀, ta lá máa sọ fún mi bóyá mo gbà á àbí mo ṣì í?”

Mo ní, “Dádì ni.”

Ó rò ó díẹ̀. Ó ní, “Ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n tó yín?”

Mo ní wọ́n mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mo ní àwọn ni wọ́n kọ́ mi.

Mujeebah